Òṣómàáló Abẹ́ Ibùsùn

Nínú páálí ọṣẹ ni Fápohùndà, dókítà ẹranko, gbé e fún mi
lẹ́yìn ilé epo tó wà ní Ìsọ̀kùn.
Àwọn ọmọ kan ló so okùn mọ́ ọn lọ́rùn,
wọ́n ń wọ́ ọ kiri, wọ́n ń pè é ní àjẹ́.
"Ìyá, ojú ọ̀tún ti lọ. Tòsì ń ríran.
Ẹ ti ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Ẹ má fipá gbé e. Ẹ jẹ́ kó máa gbọ́ ohùn yín."
Mo fọwọ́ bo páálí náà lórí ọ̀kadà
títí a fi dé Òkèṣà.
Ọlọ́kadà ní, "Ìyá, ṣé adìẹ ni?"
Mo ní, "Àlejò ni."

Ó wọ abẹ́ ibùsùn, òun àti òkùnkùn di ọ̀kan.
Ọjọ́ kìíní, n kò gbọ́ pínpín.
Ọjọ́ kejì, mo gbé ṣáwá bíbọ̀ tí kò níyọ̀
sí ẹ̀bá ẹsẹ̀ ibùsùn.
Ilẹ̀ mọ́, abọ́ ń dán,
n kò rí ẹni tó jẹun.
Ọjọ́ kẹta, ó tọ̀ sínú bàtà ìsìn mi.
N kò bínú. Tàbí kí n sọ pé mo bínú díẹ̀.
Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bà mí ní nǹkan jẹ́ nínú ilé yìí.

Ìyá Ọmọ́yẹlé gbọ́, ó dúró lẹ́nu géètì:
"Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ dá gbé, ológbò olójú kan?"
Mo ní, "Etí tèmi náà, ọ̀kan ló ń gbọ́."
Ó rẹ́rìn-ín. Kò tíì wọlé mi láti ọjọ́ náà.

Lóru ni mo rí i.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo tẹ̀ ba, orúnkún mi ké:
ó lóṣòó síbẹ̀,
ojú kan ṣoṣo ń tàn bí ẹyọ owó,
kò wò mí bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.
Bàbá tó bí bàbá mi ni mo rántí,
tó ń ru aṣọ àwìn láti Iléṣà lọ sí ìlú onílùú.
Bí ọjọ́ bá pé, tí onígbèsè fara pamọ́,
á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀:
òṣó ni n ó ló títí n ó fi gbowó mi.
Òjò ìbáà pa á, oòrùn ìbáà pa á.
Kì í pariwo. Òṣó tó ló yẹn gan-an ni ariwo.

Kí ni ayé jẹ ọ́, ìwọ ẹran kékeré yìí?
Ojú kan. Ìyá tó bí ọ. Oorun tí o kò sùn.
Ṣé ọwọ́ mi ni wọ́n ní kí o ti wá gbà á?
Owó ìfẹ̀yìntì tèmi ṣì wà lọ́rùn ìjọba,
èmi náà lóṣòó.

Mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo kẹ̀yìn sí i,
mo gbé rẹ́jísítà àtijọ́ kan, mo ń pe orúkọ
kó lè mọ ohùn mi.
Fátìrègun. Adéṣuyì. Ògúnṣakin.
Alaalẹ́ ni mò ń pè é, bí ẹni tí kíláàsì ṣì kún fún.
Alẹ́ ọjọ́ kọkànlá, mo dé orí Ìbíyẹmí,
ọmọ tí kì í wá sílé ìwé lọ́jọ́ ọjà,
nǹkan kan dún lábẹ́ ibùsùn, tín-ín-rín.
N kò sọ pé òun ni.
Mo kàn mú bírò, mo fàmì sí i pé ó wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé lánàá.
Mo ṣí ilẹ̀kùn. Òjò àárọ̀ ti dá,
ilẹ̀ pupa ń rùn bí ìkòkò tuntun.
Ó rìn dé ìloro, ó gbé imú sókè,
ìrù rẹ̀ kan ojúgun mi, ẹ̀ẹ̀kan péré,
ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú síta.
N kò mọ̀ bóyá ó ń lọ ni, tàbí ó ń ṣọ́lé.
Eku kan gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá.
Ó wò ó, ó jẹ́ kó lọ.
Tíì mi tutù lórí tábìlì.
N kò ti ilẹ̀kùn.