Eruku Ojú Fèrèsé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo dé ibẹ̀, mi ò ránṣẹ́ ṣáájú.
Ilé náà wà lẹ́yìn Gánmọ̀, lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́,
ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán bí ojú ìyàwó.
Géètì wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò Àlàó,
Àlàó wà nídìí oníbúrẹ́dì,
èèyàn mẹ́tàdínlógún wà nínú ilé.
Bí iná bá wá ṣẹ́ yọ ńkọ́?
Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iná kì í ṣẹ́ yọ níbí."

Ìwé oògùn wà lórí tábìlì, mo ṣí i.
Wọ́n ti fàmì sí orúkọ Sìfáwù, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́,
títí dé ọjọ́ Jímọ̀.
Ìyá mi ti lo oògùn ọjọ́ tí Ọlọ́run ò tíì dá.

Wọ́n ní ó ṣubú díẹ̀ ní balùwẹ̀.
Ta ní ń ṣubú díẹ̀?
Irin tí ọwọ́ ì bá dì mú ti kúrò lára ògiri,
ó ku ihò mẹ́rin.
Aago tí wọ́n ní kó máa fi pe èèyàn, okùn rẹ̀ ti já,
òun ni wọ́n fi di ẹnu àpò ìdọ̀tí.

Àwòrán tí wọ́n fi sórí fóònù mi ńkọ́,
aṣọ ìbùsùn funfun, òdòdó nínú ife?
Rùkáyà tó ń fọṣọ ló sọ ọ́ sí mi létí:
ọjọ́ tí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba wá ni.
Kí ọkọ̀ wọn tó dé títì, wọ́n ti ká a.
Òun nìkan ló ń ṣọ́ gbogbo wọn lóru,
owó oṣù mẹ́ta ni wọ́n jẹ òun náà.

Mi ò lè pariwo. Oṣù kẹrin rèé
tí mo ti ń fi owó ránṣẹ́ dípò ẹsẹ̀.

Ìyá ò ráhùn. Bùtà rẹ̀ ló béèrè.
Wọ́n ti gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù,
wọ́n ní ó ń da omi sílẹ̀.
"Báwo lẹ ṣe wá ń ṣàlùwàlá?"
Ó nawọ́ sí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kan eruku rẹ̀,
ó fi pa ojú, ó fi pa ọwọ́.
"Tàyámọ́mù," ó ní. "Ọlọ́run kì í ni ẹ̀dá rẹ̀ lára."
Eruku náà nípọn.
Ó tó gbogbo ilé, ó tó èmi náà.

Mo pọn ìyá mi, mo fi bùtà kọ́ ọwọ́.
Àlàó ní ta ni yóò fọwọ́ síwèé.
Mo ní kó yẹ ojú ewé ọjọ́ Jímọ̀ wò,
bóyá mo ti fọwọ́ sí i.

Ó ti géètì lẹ́yìn wa.
Èèyàn mẹ́rìndínlógún.