Fìlà Wubbe

Ọjọ́ Àìkú kejì tí yìnyín yọ́ tán,
a há ara wa mọ́ inú ọkọ̀ Tjeerd, àwa mẹ́rin,
bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, kọfí nínú fúláàsì,
à ń bẹ adágún wò bí ẹni ń bẹ ìyá ọmọ tuntun.

Lọ́dọ̀ Sietske, omi mọ́ gaara,
o lè ka òkúta ìsàlẹ̀ bí owó ẹyọ.
Lọ́dọ̀ Harm, pọ́ǹpù ń hanrun,
ẹyẹ àkọ̀ ti gbé koi méjì lọ ní kùtù hàì.
Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn ń fi àwọ̀n kó ewé.
"Pẹ̀lẹ́," ni Tjeerd wí. Kí la tún fẹ́ sọ?

Ilé Geesje la parí sí,
lẹ́yìn odi tó ń dá òkun dúró.
Ẹja rẹ̀ kan dàgbà ju ọmọ mi lọ:
funfun báláú, àmì pupa kan níwájú orí
bí ìgbà tí a fi ìka osùn tẹ̀ ẹ́.
A ju oúnjẹ, a pòṣé, a súfèé;
ó dúró nísàlẹ̀, ó ṣe bí òkúta.

Geesje wọlé, ó dé fìlà Wubbe jáde,
fìlà olóògbé, ó tóbi, ó bò ó lójú.
Ó kúnlẹ̀. Òjìji fìlà kan omi,
ni ẹja bá gòkè wá, jẹ́jẹ́,
ó la ẹnu roboto,
ó ń fa ọsàn mu lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"
"Wubbe ló mọ̀ ọ́n. Kò sọ fún mi."

Kọfí tutù mọ́ wa lọ́wọ́.
Harm ṣí fìlà tirẹ̀,
ó wo inú rẹ̀ pẹ́
kó tó dé e padà.