Ọjà Kẹtàdínláàádọ́rùn-ún

Sátidé kejì nínú oṣù kẹwàá, òjò ń rọ̀ winniwinni,
a to tábìlì mẹ́sàn-án sínú gbọ̀ngàn àwọn panápaná
ní Benton Ferry, létí odò Òháyò.
Iṣẹ́ tèmi ò ju kí n kọ ọ́ sílẹ̀:
nọ́ńbà ọjà, orúkọ ẹni tó rà á, dọ́là mélòó.
Ọdún mọ́kànlélógún rèé tí mo ti ń kọ ọ́.
Mi ò ra nǹkan kan rí. Ológbò mẹ́ta ló wà nílé mi.

Onígbàǹjo bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó dàgbà jù:
àwo tí wọ́n fi irin tẹ̀, bí ẹni tẹ òǹtẹ̀ sórí ìwé,
ó nípọn, ó wúwo, kò mọ̀ pé ẹwà ń bọ̀ lẹ́yìn.
Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkòkò òdòdó àwọn ọlọ́lá dé,
èyí tí wọ́n fín oògùn sí lára
nígbà tó ṣì pọ́n bí ẹyinná,
tó wá ń dán bí ọrùn ọ̀kín,
bí epo mọ́tò lójú omi òjò.
Ni àwọn iléeṣẹ́ ọlọ́gbọ́n bá jí àwọ̀ náà gbé,
wọ́n tà á fún tálákà ní sẹ́ǹtì mẹ́wàá.
Ẹni tó bá ju òrùka bọ ọrùn ìgò níbi àríyá oko
á gbé àwo òṣùmàrè kan lọ fún ìyàwó rẹ̀.
Nígbà tí ebi wá dé, tí báǹkì ń tilẹ̀kùn,
ife aláwọ̀ ewé fara pamọ́ sínú páálí óòtì;
àwọn ìyá á gbọn páálí wò létí kí wọ́n tó sanwó.
Ohun tí wọ́n fi ń tan ebi jẹ nígbà náà
di ogójì dọ́là lónìí.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Whitcomb Sayre ní ká pa iná. A pa á.
Ó tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò rẹ̀ sí àwo kan,
àwo náà sì dáhùn, ó tàn yòò
bí ojú ológbò nínú yàrá ìdáná mi.
Gbogbo àgbàlagbà ibẹ̀ ló ṣe "háà".

Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọjà kẹtàdínláàádọ́rùn-ún,
ìgò omi aláwọ̀ sánmà, ó yí i, ó bọ́ awò-ojú rẹ̀.
"Ó ṣe mí láàánú. Àbùkù wà nínú rẹ̀.
Ìléròrò afẹ́fẹ́ kan nídìí ọwọ́, ó tó hóró ìrẹsì.
Dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Odile Lambiotte dìde láti ẹ̀yìn. Ó pẹ́ kó tó dìde tán.
"Kì í ṣe àbùkù. Bàbá bàbá mi ni.
Florent, tó wọkọ̀ ojú omi wá láti Bẹ́ljíọ̀mù,
tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti dẹ̀ bí àpò tí wọ́n tú ẹrù rẹ̀.
Lọ́jọ́ tí wọ́n bí bàbá mi,
ọmọdé kan sáré wá sẹ́nu ìléru, ó ní akọ ni!
Florent bú sẹ́rìn-ín, ọ̀pá ìfẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.
Ẹ̀rín náà ló wọlé síbẹ̀.
Kò rọ́nà jáde mọ́."

Ọgọ́ta, ni Tamsin Okerlund wí,
ọmọbìnrin tó ń fẹ́ gíláàsì nínú gáréèjì bàbá rẹ̀,
tí àpá iná kún ọwọ́ rẹ̀.
Ọgọ́rùn-ún, ni Sayre wí, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.
Ọ̀ọ́dúnrún.
Ohùn tó sọ ìyẹn, Odile ló ni ín.
"Màmá, ẹ̀yin lẹ ni ọjà yìí."
"Mo mọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ."

Ó fi ìborùn tútù wé e. Lẹ́nu ọ̀nà,
Tamsin bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun fi etí sí i.
Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní òun gbọ́.

Ọjà tó tẹ̀ lé e: gíláàsì àtùpà kan, etí rẹ̀ ti ṣẹ́.
Dọ́là mẹ́rin.
Mo kọ orúkọ ara mi.