Pákó fún Ààyè Òfo

Bọ́tìnnì tí gbogbo ayé ń tẹ̀ kò sí lórí fóònù Tsiala.
Ibi tó yẹ kó wà ṣófo,
bí ẹrìgì tí wọ́n ti yọ eyín kúrò.
Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló fi fóònù náà sílẹ̀ fún un
kó tó wọ bọ́ọ̀sì lọ ká èso ápù ní Póláńdì.
Ó wá sí ilé búrẹ́dì mi, torí wáìfáì mi
ló lágbára jù ní apá òkè odò.
Ó ní, "Gocha, kò sẹ́ni tó lè pín lẹ́tà mi."
Mo ní, "Lẹ́tà kí ni?"
"Ti afárá ni. Kí ni ì bá tún jẹ́?"

Igi ni afárá wa, okùn irin ló so ó rọ̀.
Pákó mọ́kànlá ti já sódò láti ìgbà yìnyín.
A fi ilẹ̀kùn àtijọ́ dí ihò kan,
ìyàwó Jumber yọ pákó ibùsùn rẹ̀ fún òmíràn.
A kò rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣe é.
Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń ka ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó fò.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Zugdidi
ti là á yé e, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì ìyẹ̀fun:
kọ àdírẹ́sì ibi tí wọ́n ti ń pín nǹkan,
fi àmì ìbéèrè kọ́ ọ, bí ìwọ̀ tí a fi ń fa korobá,
lẹ́yìn náà u, lẹ́yìn náà àmì ìdọ́gba,
lẹ́yìn náà ibi tí lẹ́tà tìrẹ ń gbé.
Má mí láàárín wọn.

Tsiala mí.
Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló lò ní ilé ìfìwéránṣẹ́;
ó gbà pé orúkọ gbọ́dọ̀ ráyè na ẹsẹ̀.
Líǹkì náà rìn dé ibi tó mí sí, ó já.
Mo ní, "Fi pákó sí i":
òdo kékeré méjì tí igi kan là láàárín,
èjì, òdo ńlá kan.
%20.
Ó wò ó títí. "Ogún kí ni?"
Mi ò mọ̀. Búrẹ́dì mi ń jóná.

Orúkọ abúlé ló wá dẹ́rù bà á.
Lẹ́tà wa kọ̀ọ̀kan, tó ká bí ọwọ́ àjàrà,
di àmì mẹ́sàn-án nígbà tó wọ ọ̀nà yẹn.
Lẹ́tà méje di mẹ́tàlélọ́gọ́ta.
"Ta nìyí?" ó ní.
"Àwa ni."
"Wọ́n ti gbé aṣọ ṣọ́jà wọ̀ wá."

Alẹ́ Sátidé ló fi ránṣẹ́ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀.
Nọ́ńbà kan ti yẹ̀ ní ìparí, eéje dípò ení.
Lẹ́tà kọ́ ni líǹkì náà ṣí. Fọ́tò Nisha ni, màlúù rẹ̀,
tó dúró lẹ́nu afárá, tó dorí kodò,
tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò kọjá.

Lasha pín in. Àwọn tó ń bá a ká ápù pín in.
Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: màlúù yìí gbọ́n ju ìjọba lọ.
Tsiala bínú sí mi fún ọjọ́ mẹ́ta.
Ó ní ọjọ́ mẹ́rin lòun fi kọ lẹ́tà,
màlúù ò kọ ohunkóhun.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan já pákó sétí odò.
Awakọ̀ kò sọ ẹni tó rán an.
Mẹ́fà ni. Ihò mọ́kànlá.

Rìsíìtì náà ṣì wà lára ògiri mi,
ìyẹ̀fun ti bo àmì ìbéèrè.
Wọ́n ń wá dà á kọ, torí oyin, torí ìsìnkú, torí ajá tó sọnù.
Tsiala náà jókòó nídìí ààrò,
ó tún ń fi lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́,
ó ń fi ìka tọ́ àwọn nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan,
ètè rẹ̀ ń mì,
bí ọmọ tó ń ka ẹsẹ̀ kó tó fò.