Èéfín Tùràrí ní Yàrá Ṣẹ́ẹ̀sì

Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i.
Bébà náà wà lórí máṣíìnì ìránṣọ mi,
mo fi àlùmọ́gàjí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí fáànù má gbé e lọ.
"Mo gbà kí ọmọ mi padà sí ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì,
Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin sí mẹ́fà, nínú yàrá."
Mo kà á tán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló há mi lọ́fun:
nínú.

Oṣù méje ni Kamalù ti ń bá ara rẹ̀ ta.
Á jókòó síhìn-ín, á ta; á dìde, á yí sọ́hùn-ún, á ta padà.
Ayaba funfun ti sọ nù nígbà ìsémọ́lé,
òrùka irin tí mo fi ń ránṣọ ló fi rọ́pò rẹ̀.
Bí mo bá ń wá a, á ní,
"Màmá mi, ẹ ṣe sùúrù, ayaba ṣì wà lójú ogun."
Níjẹta mo gbọ́ tó ń kí ara rẹ̀ kú oríire,
ó sì tún ń bẹ ara rẹ̀ pé kó má bínú.
Èyí tí mo gbọ́ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Àmọ́ ìyá ọkọ mi ń bẹ ní yàrá kejì,
Àlájà Sínábù, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
tí èémí rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró.
Bí Kamalù bá ti ìta dé, àyà Àlájà ló ń forí lé.
Ohun yòówù tó bá gbé bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀,
ibẹ̀ náà ni yóò sọ ọ́ sí.

Ìyá Mukáílà ní òun ti fọwọ́ sí tòun:
"Ọjà Ìpàta kún, mọ́ṣáláṣí ti ṣí, wọ́n ń gbéyàwó,
ṣé àwọn ọmọ tó ń fi igi ṣeré ni yóò wá pa wá?"
Mi ò rí èsì fọ̀.
Bàbá Kamalù pè láti Jẹ́bbà:
"Èyí tó o bá rí i pé ó dáa ni kó o ṣe."
Ó pa fóònù.

Mo lọ sí Pàkátà, òkè ṣọ́ọ̀bù oníkẹ̀kẹ́.
Fèrèsé méjì: ọ̀dà ti lẹ̀ ọ̀kan pa,
ìkejì ṣí ní ìka mẹ́rin, ó lóun ò lọ mọ́.
Tíṣà Àmọ̀dá ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà, tábìlì jìnnà sí tábìlì,
omi wà lẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ wà, ilẹ̀ mọ́ tónítóní.
Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí lókè ìbòmú.

Mo yọ tùràrí nínú báàgì, mo ṣáná sí i.
"Ẹ jẹ́ ká jókòó, ká wo ibi tó máa gbà jáde."
Èéfín gòkè, ó kan àjà, ó wo fèrèsé,
bí àlejò tí wọn ò sìn sọ́nà
ó padà wá jókòó ti tábìlì.
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ogún. Ó ṣì wà níbẹ̀,
ó ń ta sánsán, ó sì ń bà mí lẹ́rù.

Tíṣà bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́.
"Ohun téèyàn ò bá rí kì í bà á lẹ́rù," ó ní.
"Mo ti rí i wàyí."

Mi ò fọwọ́ sí bébà. Mi ò sì fà á ya.
Mo yí i padà, mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé:
Ẹ gbé tábìlì wá sábẹ́ dóńgóyárò àgbàlá wa,
ọmọ mẹ́rin, kì í ṣe mẹ́rìnlá.
Bójò bá dé, kóníkálukú máa relé.
Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ó ti ń ṣú dẹ̀dẹ̀ lókè Sóbì.

Kamalù ò tíì mọ̀ pé mo jáde.
Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ó di ẹṣin dúdú lọ́rùn mú,
ó ń kà á lẹ́nu: méjì síwájú, ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.
"Màmá mi, ẹṣin nìkan ló lè fo ẹlòmíì kọjá
láì fara kàn án."
Àlájà rẹ́rìn-ín ní yàrá kejì, ẹ̀rín náà di ikọ́,
a dúró, àwa méjèèjì, títí ó fi rọlẹ̀.
Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó yá mi ní ayaba díẹ̀,
ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ ká.