Sípíríǹgì Ìka Kẹta

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Crescencio, ti fi fèrè idẹ
sin gbogbo òkú orí òkè yìí fún ogójì ọdún.
Pósí á ṣíwájú, òun àti ẹgbẹ́ afunfèrè á tẹ̀ lé e,
kùrukùru Oaxaca á bò wọ́n títí dé ọrùn,
ohùn idẹ nìkan la fi ń mọ ibi tí òkú dé.

Lọ́jọ́ tí a sin Doña Eduviges tó ń wọn kọfí,
ohùn kan kò jáde.
Ẹyọ kan péré. Àlàfo bí eyín tó yọ.
Gbogbo ẹgbẹ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́;
Fidencio tó ń fun fèrè ńlá ń wo bàtà ara rẹ̀.
Èmi tí mo ru òdòdó lẹ́yìn, mo gbọ́.

Ó ní òróró ni. A pààrọ̀ òróró.
Ó ní ètè òun ló gbẹ. Ó fi ọ̀rá pa á.
Ó ní ẹnu fèrè ni: ó ta ewúrẹ́ méjì,
ó wọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá,
ó ra ẹnu mìíràn tí wọ́n fi wúrà bò,
ó dé, ó fun ún,
àlàfo náà ṣì wà níbẹ̀, ó kàn ń dán ju tàná lọ ni.

Kò sọ̀rọ̀ ìka.
Ìka kẹta ọwọ́ ọ̀tún, oríkèé rẹ̀ ti wú bí kókó igi.
Láàárọ̀ ó máa ń gbé e ti ara ife kọfí gbígbóná
kí ó tó lè nà.

Èmi, kẹ̀kẹ́ ni mo ń tún ṣe, àti ẹ̀rọ ìránṣọ.
Mi ò mọ orin. Mo mọ ohun tó le, mo mọ ohun tó rọ̀.
Lálẹ́ ọjọ́ kan tó ti sùn,
mo tú ìdérí abẹ́ fèrè, mo fa písítìnì yọ,
sípíríǹgì mẹ́ta jábọ́ sórí aṣọ,
irin tí wọ́n rọ fún ìka ọmọ ogún ọdún.
Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan:
ó tì mí padà bí ọmọ màlúù.
Mo ní, háà, ìwọ lò ń ṣe ìkà sí ìka.

Ó gba oṣù kan kí bọ́ọ̀sì tó gbé tuntun dé
nínú páálí ìṣáná, tínínrín, fúyẹ́fúyẹ́.
Mo ki mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ̀ ọ́, mo nu fèrè, mo gbé e síbi tó wà,
mo sùn bí olè.

Láàárọ̀ ó gbé fèrè. Kò fun ún.
Ó tẹ̀ ẹ́ lásán: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta,
mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta,
bí ẹyẹ tó ń ṣa àgbàdo lórí páànù.
"Herminia, ta ló wọ ilé mi?"
Mo jẹ́wọ́.

Kò dúpẹ́. Ó ní ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì rọ̀ jù,
pé ìka òun ń já sínú wọn
bí ẹni tó rò pé àtẹ̀gùn ṣì ku ẹsẹ̀ kan.
"Dá àwọn ìyẹn padà. Fi ìkẹta sílẹ̀."
Bẹ́ẹ̀ ni fèrè yẹn ṣe di abàmì:
líle, líle, rírọ̀.
Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó máa tà á bẹ́ẹ̀.
Ọwọ́ kan ṣoṣo láyé ló bá mu.

Lọ́jọ́ ọdún Míkáẹ́lì Mímọ́, wọ́n fun fèrè láti ìdájí,
ohùn kankan kò sọnù.
Kò sẹ́ni tó ṣàkíyèsí. Ta ní ń gbọ́ ohun tí kò sọnù?
Fidencio kàn bi í bóyá ó sùn dáadáa ni.
Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò mí láti òdìkejì àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì,
ó gbé ìka kẹta sókè díẹ̀,
ó sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́.

Sípíríǹgì àtijọ́ wà lọ́dọ̀ mi, nínú ike bọ́tìnì.
Nígbà mìíràn tí mo bá ń wá abẹ́rẹ́, mo máa ń tẹ̀ ẹ́.
Irin olórí kunkun. Títí di òní kò gbà fún mi.
Ogójì ọdún ni ọkùnrin kan fi bá a jìjà
lórí gbogbo òkú wa,
a ò gbọ́ ìjà náà rárá,
orin la gbọ́.