Òṣómàáló Uná

Láfẹ̀mọ́júmọ́, gbogbo ulé Erẹ́jà a lóṣòó,
ojú sí ùlàorùn, ọwọ́ lórí orúnkún,
a ó ké e lẹ́ẹ̀mẹta:
Ọ́pùnẹ́pà! Ọ́pùnẹ́pà! Ọ́pùnẹ́pà!
Oòrùn a sì yọ.
Baálẹ̀, tó fi ṣájà kọ́rùn, ní ariwo wa ló fà á jáde.

Mo bi Yéye Ọ̀ṣúnlétí pé ta ni Nẹ́pà.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
"Éè ṣe òòṣà, ọmọ mi.
Ùyá ùyá mi ló rò ó fún mi:
ẹni tó ń mú un lọ ni, tó tún ń mú un dé.
Tó bá mú un lọ, ọ́n á bú u.
Tó bá mú un dé, ọ́n á hó.
Ujọ́ kan ló mú un lọ,
ọ́n bú u títí ó fi rẹ̀ ọ́n lẹ́nu.
Éè tíì dé."

Àwa la bí lẹ́yìn Àlọàìdé.
Urókò ti hù gba àárín burúwárì já,
àdán ń sùn lúnú àgbá ọtí.
Wúrà Adétí la fi ń so etí àwọ̀n kó lè tètè rì,
wáyà la fi ń sín ẹja gbígbẹ.
Àwọn ọkùnrin ń gun òkè Umọ̀, ọ́n ń nawọ́ sókè,
ọ́n ń wá Nẹ́tíwọ̀.
Éè sẹ́ni tó mọ bó ti rí,
àfi pé éè fẹ́ràn àfonífojì.

Lúnú yàrá mi, ẹyin kan so mọ́ àjà,
ẹyin díńgí, urin tín-ín-rín bí urun lúnú rẹ̀.
Ògúnrìn àbúrò mi ní ká fọ́ ọ wò, bóyá ó lọ́mọ.
Mo gbá a létí.

Yéye kú lúgbà òjò.
Kó tó kú, ó fà mí mọ́ra:
"Àwọn baba wa tó ń tajà àwìn,
tí onígbèsè bá sá, ọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀,
ọ́n éè ní dìde, òjò ni, oòrùn ni,
títí owó á fi jáde.
Nẹ́pà tí ẹ ń ké pè yẹn,
éè ṣe pé à ń sìn ín.
À ń sin ín ní gbèsè ni."

Lánàá, oòrùn gba fèrèsé wọlé, ó kan ẹyin náà.
Ògiri pọ́n, àtẹ́lẹwọ́ mi pọ́n.
Ògúnrìn lanu láti hó.
Mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu, mo fà á lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
"Má hó," ni mo wí.
"Èlé rè é. Ó ku ojú owó."